Ẹ Má Tíì Lọ Sọ́jà: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣètò Sáfà Ìpamọ́ Àkọ́kọ́ Nínú Ilé

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é rèé. Hard disk alágbèéká á kú, fọ́tò ìsìnkú Màmá á bá a lọ. Ẹni tó ni ín á fìbínú gba Computer Village lọ ní Ìkẹjà, á ra tòkunbọ̀ tó lágbára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, á ní òun fẹ́ fi ṣe sáfà fún gbogbo ilé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, orí sáfà ọ̀hún ni wọ́n ń gbé bàtà lé. Ó lè jẹ́ pé àyè hard disk kan péré ló wà nínú ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ba díìsì jẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé fídíò kan ń fi gbogbo alẹ́ wọlé, ló bá sú ará ilé, kálukú bá padà sídìí flash rẹ̀.

Èmi náà ṣe é rí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń bá ọ̀rẹ́ àti ẹbí tún tiwọn tò ní Ìbàdàn níbí, mo sì ti rí i pé owó kọ́ ló ń bà á jẹ́. Ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, wọ́n á ra nǹkan tán kí wọ́n tó máa ṣírò. Nítorí náà, bébà àti bírò nìkan la máa lò ní ìpele méjì àkọ́kọ́.

Sáfà ìpamọ́ tí mò ń wí ni kọ̀ǹpútà kan tó jókòó síbì kan nínú ilé, tí hard disk méjì wà nínú ẹ̀, tí fóònù àti laptop gbogbo ará ilé ń kó nǹkan wọn sí. Àwọn tó ń tà á ní títò tán ń pè é ní NAS. Kò jẹ dátà o. Fáìlì tó kúrò lórí laptop yín lọ sórí sáfà inú ilé, ọ̀dọ̀ router ló gbà kọjá, kò yọ ẹsẹ̀ síta rárá. Mo sọ èyí ṣáájú torí pé òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kan, irú èyí tó dúró gàgàrà bí àpótí, tó ní RAM 8 GB ó kéré tán. 16 GB ló tẹ́ mi lọ́rùn.
- Hard disk onínṣì 3.5 méjì tí ààyè wọn dọ́gba.
- SSD kékeré kan, 120 GB tó.
- UPS tó ní ojú USB lẹ́yìn.
- Switch gigabit olójú márùn-ún (àpótí kékeré tó ń so wáyà ẹ̀rọ púpọ̀ pọ̀), pẹ̀lú wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Cat5e tàbí Cat6.
- Flash 8 GB, kíbọ́ọ̀dù àti monitor tí ẹ lè yá fún ọjọ́ kan.
- Hard disk alágbèéká kan fún ẹ̀dà tó máa gbé níta.
- Màákà aláwọ̀ dúdú.

Ẹ má rà wọ́n báyìí. Ẹ kàn kọ wọ́n sílẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ gba fóònù gbogbo ará ilé lọ́wọ́ wọn, ẹ wo iye ààyè tí wọ́n ti lò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún laptop, àti fún gbogbo hard disk tó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀. Nílé tèmi, fóònù mẹ́rin jẹ́ 310 GB, laptop méjì jẹ́ 190 GB, àwọn hard disk àtijọ́ jẹ́ 280 GB lẹ́yìn tí mo yọ fáìlì tó wà níbi méjì kúrò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 780 GB.

Ẹ wá wo fọ́tò àti fídíò ọdún tó kọjá nìkan, kí ẹ mọ bó ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dún. Tèmi jẹ́ 250 GB, torí ọmọ mi obìnrin ò lè jẹun láì ya fídíò. Lọ́dún márùn-ún, ìyẹn á di 1,250. Ẹ rò ó mọ́ 780, ó di 2,030 GB. Díìsì ò sì fẹ́ kí wọ́n kún òun dé ẹnu, ó yẹ kí ìdá kan nínú márùn-ún ṣófo, nítorí náà ẹ fi 0.8 pín 2,030. Èsì rẹ̀ lé díẹ̀ ní 2,500 GB. Díìsì 3 TB á gbà á pẹ̀lú ìfúnpọ̀, 4 TB á gbà á tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. 4 TB ni mo rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ohun tẹ́ ẹ kà sí ọ̀nà méjì: èyí tí owó ò lè rà mọ́, àti èyí tẹ́ ẹ lè tún wá. Fọ́tò, ìwé ẹ̀rí, ohùn Bàbá àgbà níbi tí wọ́n ti ń kì wá, wọn ò ṣeé rà. Fíìmù ṣeé tún wá. Nínú 780 GB tèmi, 340 GB péré ni kò ṣeé rà mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pamọ́, a máa padà sídìí ẹ̀ ní ìpele 9.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n á ro díìsì 4 TB méjì pọ̀, wọ́n á ní àwọn ní 8. Rárá o. Ìbejì ni díìsì méjèèjì máa jẹ́. Ohunkóhun tó bá wọ inú ọ̀kan, ó ti wọ inú èkejì, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣì wà lórí ìjókòó. 4 TB lẹ ní. Lójú kọ̀ǹpútà gan-an, 3.6 ni yóò kọ, torí ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni oníṣòwò ń kà, 1,024 ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ẹ má lọ bá ẹni tó tà á jà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lórí bébà yín: ti òní, ti ọdún márùn-ún sí i, àti ti ohun tí kò ṣeé rà.

Ìpele 2: Ẹ bá iná sọ̀rọ̀ kó tó bá yín sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká jókòó pẹ́ díẹ̀ síbí, torí ibí ni sáfà tó pọ̀ jù ti ń kú.

Inú hard disk, àwo kan wà tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì ń rìn lókè rẹ̀ láì fara kàn án. Bí iná bá já, orí yẹn á sáré padà sí ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ṣẹ́ kù lára àwo tó ń yí. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣe é lọ́gọ́rùn-ún ìgbà, àmọ́ wọn ò ṣe é kó máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ti fáìlì ò le tó bẹ́ẹ̀: ZFS, ètò ìtòfáìlì tí a máa lò, kì í kọ tuntun lé orí àtijọ́, ibòmíràn ló ń kọ ọ́ sí kó tó yíjú sí i, nítorí náà èyí tó ń wọlé lọ́wọ́ nìkan ló sábà máa ń bá iná lọ. Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù, nígbà tó bá já wọlé pẹ̀lú agbára tó ju ti ilé lọ, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ẹ wá ṣírò. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò ṣe nǹkan kan pẹ̀lú díìsì méjì tó ń yí, ẹ fi í sí 40 wáàtì. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, 40 lọ́nà 24 jẹ́ 960 wáàtì-wákàtí. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnìtì kan lójúmọ́ lórí mítà yín, bíi 29 lóṣù. Bátìrì 12 V tó jẹ́ 200 Ah, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ti olómi kò yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìdajì, inverter náà á sì jẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Bíi 1,000 ló máa kù fún yín. Sáfà nìkan á jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan, fáànù ò sì tíì mu.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa nǹkan yìí ní òkè òkun máa ń ní kí sáfà má kú láé. Wọn kì í ra epo. Tèmi máa ń tàn ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ń kú ní mọ́kànlá alẹ́. Wákàtí márùn-ún nígbà tí gbogbo ará ilé wà nílé, 200 péré ló ń jẹ lójúmọ́. Fóònù á kó fọ́tò ọjọ́ náà wọlé nígbà tí wọ́n bá ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Kò tíì sí ẹni tó bi mí ní fọ́tò kankan ní agogo mẹ́ta òru.

Ní ti UPS, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó gbé sáfà títí iná á fi dé. Kó fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti dìde ńlẹ̀, kó palẹ̀ mọ́, kó sì kú wọ́ọ́rọ́wọ́. 650 VA ti tó. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ojú USB, torí wáyà yẹn ni UPS fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé iná ti lọ. UPS tí kò ní in dà bí ẹ̀ṣọ́ tó rí olè tí kò lè pariwo.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n á so UPS mọ́ inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave. Ọ̀pọ̀ UPS kì í ka irú iná bẹ́ẹ̀ sí iná, bátìrì ara wọn ni wọ́n á máa lò títí á fi gbẹ. Kí ẹ tó ra UPS, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára inverter yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti kọ wákàtí tí sáfà á máa fi tàn sílẹ̀, ẹni tó ń ra yúnìtì sì ti gbà.

Ìpele 3: Ẹ ra kọ̀ǹpútà náà

Ó yá, ẹ lè lọ sọ́jà. Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk ni ẹ máa rí jù. Èyí tó dúró gàgàrà ni kí ẹ béèrè. Èyí tó kéré bí ìwé kò ní àyè fún díìsì onínṣì 3.5 rárá, èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ sì sábà máa ń gba ẹyọ kan.

Wọ́n á fẹ́ fi i7 tàn yín. Ẹ ní i3 tàbí i5 ti tó, ó sì tó lóòótọ́, torí kíkó fáìlì wọlé kíkó o jáde kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì lẹ máa wò: i5-6500, 6 yẹn ló ń sọ pé ìran kẹfà ni, tó jáde ní 2015. Láti ìran kẹfà sókè, ẹ gbà á. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ti hard disk ni.

Ẹ ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣí ìdérí ẹ̀ lójú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka kà á. Àyè onínṣì 3.5, méjì. Ojú SATA lára pátákó, mẹ́ta: díìsì méjì, SSD ẹyọ kan. Ẹnu wáyà iná pẹlẹbẹ tó ń bọ̀ láti ara páwà, mẹ́ta náà. Ẹnu iná yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, wọ́n á wá ra ohun àsopọ̀ kan tó ń so wáyà Molex oníhò mẹ́rin mọ́ SATA. Èyí tí wọ́n yọ́ rọ́bà lé lẹ́nu lápapọ̀ ti jóná lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, torí wáyà inú ẹ̀ máa ń fara kanra. Mo rí ọ̀kan tó yọ́ mọ́ ẹnu díìsì bí àdí. Bí ẹnu ò bá pé mẹ́ta, ẹ gbé kọ̀ǹpútà míràn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan án, kí ẹ tẹ F2 lórí Dell tàbí F10 lórí HP kí ẹ lè wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà kí ohun mìíràn tó tàn. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ṣọ́ọ̀bù ò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo ọjọ́ tó kọ. Bó bá ń kọ ọdún àtijọ́, bátìrì wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CR2032 ti kú. Kì í ṣe ohun tó wọ́n, àmọ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ìdákúrẹ́kú aago nìkan ló máa ba ètò agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa jẹ́.

Nínú BIOS yẹn náà lẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń sọ àkókò títàn fún un: Auto On Time lórí Dell, BIOS Power-On lórí HP. Ìtòsí rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń bi yín ohun tó yẹ kó ṣe bí iná bá lọ tó sì dé. Ẹ ní kó máa wà ní kíkú. Ládùúgbò tí iná ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà tó ń tan ara rẹ̀ á tàn lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó jókòó sójú BIOS fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì kú, fáànù rẹ̀ kò pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, RAM tí wọ́n pè ló sì kọ.

Ìpele 4: Hard disk, ibi tí owó yín gbọ́dọ̀ lọ

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ nǹkan sára àwo. Nínú CMR, ìlà kálukú dá dúró. Nínú SMR, ìlà gun orí ara wọn bí páánù òrùlé. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páánù kan láàárín òrùlé, ẹ mọ̀ pé ẹ máa ṣí èyí tó gùn ún náà. Bẹ́ẹ̀ ni SMR ṣe ń ṣe nígbàkigbà tó bá fẹ́ tún nǹkan kọ. Lójoojúmọ́, ẹ lè má mọ̀. Ọjọ́ tí ìbejì kan bá kú, tí tuntun fẹ́ da gbogbo ohun tó wà lára èkejì kọ, lẹ máa mọ̀, torí ó lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe é, ó sì lè dákú lójú ọ̀nà. Ní 2020, ariwo ńlá sọ lórí èyí nígbà táwọn oníbàárà rí i pé SMR wà nínú WD Red tí wọ́n ń tà fún NAS gan-an. WD Red Plus àti Seagate IronWolf jẹ́ CMR. Seagate BarraCuda 4 TB ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, SMR ni. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sápò.

Bí tuntun bá wọ́n jù, àlòkù tó ti sáfà ilé iṣẹ́ wá kò burú, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé laptop lọ sọ́jà, pẹ̀lú wáyà tó ń so SATA mọ́ USB, èyí tó ní iná tirẹ̀, torí díìsì onínṣì 3.5 kò lè ti ara USB jẹun. Ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń ka ìlera díìsì, sórí laptop náà nílé, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ẹ wá: 05, C5 àti C6. Òdo-òdo-òdo ni mo ń gbà, kò sí àlàyé míì. Ẹyọ kan nínú C5 túmọ̀ sí pé ibì kan wà lára àwo tí kò ṣeé kà mọ́. Ẹ wá wo wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́: ọdún kan jẹ́ 8,760. Bí ẹ bá rí 43,800, ọdún márùn-ún gbáko ló ti fi yí.

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: CrystalDiskInfo kì í fi nọ́ńbà wa kọ ìlà ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn bí ẹ kò bá sọ fún un. Ọ̀nà onímẹ́rìndínlógún ló ń lò, 64 tó bá kọ, 100 ni. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ yan 10 [DEC].

Ẹ tún mọ̀ pé wákàtí yẹn ṣeé parọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn oníròyìn ní Jámánì tú àṣírí hard disk Seagate àlòkù tí àwọn kan ti dá wákàtí wọn padà sí òdo, tí wọ́n sì ń tà bíi tuntun. Ìwé ìrántí kejì kan wà nínú Seagate tí àwọn oníjìbìtì ò fọwọ́ kàn, tó ń jẹ́ FARM. Bí ẹ bá délé, tí sáfà ti tàn, ẹ lè kà á báyìí:

sudo smartctl -l farm /dev/sda

Bí wákàtí ibẹ̀ bá ju ti ọjà lọ fíìfíì, ẹ dá a padà.

Ẹ fi etí gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bó ti ń tàn. Ohùn jẹ́jẹ́ bí i ti fáànù ló yẹ kó ní, pẹ̀lú kíkùn díẹ̀ nígbà tó bá ń kà. Bó bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, tó sinmi, tó tún bẹ̀rẹ̀, orí inú rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà, kò rí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ ra ìkan ní ṣọ́ọ̀bù kan, kí ẹ ra ìkejì níbòmíràn. Díìsì tó jáde lọ́jọ́ kan náà, tó wọ ọkọ̀ kan náà, tó sì jábọ́ pọ̀ láti orí ọkọ̀ yẹn, wọ́n lè kú lọ́sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá délé, ẹ fi màákà kọ Táíwò sára ọ̀kan, Kẹ́hìndé sára èkejì, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ lè rí láì yọ ọ́. Ọjọ́ tí sáfà bá ní ọ̀kan ń ṣàìsàn, nọ́ńbà yẹn ló máa pè. Mo mọ ẹni tó yọ èyí tí ara rẹ̀ le dà nù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: díìsì méjèèjì jẹ́ CMR, nọ́ńbà mẹ́ta wọn jẹ́ òdo, wọ́n sì ní orúkọ.

Ìpele 5: Wáyà

Èyí yá. Sáfà gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà, kó má ṣe Wi-Fi. MiFi tó ń wọ àpò kì í sábà ní ojú wáyà, nítorí náà ẹ máa nílò router tó ní in. Ojú wáyà ọ̀pọ̀ router 4G sì jẹ́ 100 Mbps péré, ìdá kan nínú mẹ́wàá gigabit, ìdí rèé tí mo fi ní switch gigabit: sáfà àti laptop yín á bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láì dúró de router. Ẹ̀tàn wà lórí àtẹ. TP-Link TL-SG1005D jẹ́ gigabit, TL-SF1005D jẹ́ 100, wọ́n sì jọra bí ẹyin adìẹ. G lẹ fẹ́.

Ìyàtọ̀ rẹ̀: 780 GB mi gba bíi wákàtí méjì lórí gigabit. Lórí 100, bíi ogún wákàtí ni. Wáyà tó ní okùn mẹ́rin péré nínú dípò mẹ́jọ náà á fà yín padà sí 100.

Níkẹyìn, ẹ wọ inú router, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi àdírẹ́sì kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kan, kí sáfà lè máa jẹ́ 192.168.1.50 títí lọ. Bí ẹ ò bá ṣe é, àdírẹ́sì rẹ̀ lè yí padà nígbàkigbà tí iná bá lọ, gbogbo ilé á sì ní sáfà ti sọnù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lórí Windows, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìyára wáyà, 1000/1000 ló yẹ kó wà.

Ìpele 6: Ẹ gbin TrueNAS

Ẹ gba TrueNAS Community Edition, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà, sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi balenaEtcher kọ ọ́ sórí flash. SSD nìkan ni kí ẹ so mọ́ pátákó ní báyìí, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣì wà lórí tábìlì, pé kí ẹ má baà yan díìsì tí kò yẹ. Ẹ tan án, F12 lórí Dell, F9 lórí HP, ẹ yan flash. Ẹ tẹ Install, ẹ yan SSD, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ kọ ọ́ síbì kan. SSD yìí ti di ti ètò náà pátápátá, ẹ ò lè kó fáìlì sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kékeré.

Bó bá parí, ẹ pa á, ẹ so díìsì méjèèjì, ẹ tún tan án. Monitor á kọ àdírẹ́sì tí ẹ máa tẹ̀ sórí browser laptop yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ sínú Shell, kí ẹ fi lsblk wo orúkọ tó fún díìsì, kí ẹ wá fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìdánwò gígùn:

sudo smartctl -t long /dev/sda

Ti 4 TB lè gba wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá já láàárín, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ wá ọjọ́ tó dára.

Lẹ́yìn èyí, Storage, Create Pool. Pool ni ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tí díìsì méjèèjì para pọ̀ jẹ́. Ẹ yan Mirror. Ẹ má yan Stripe, bó ti wù kí ààyè tó ń fi hàn yín pọ̀ tó: nínú Stripe, ikú ọ̀kan ni ikú méjèèjì. Mo sọ tèmi ní aka, bí àká tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí. Tó bá bi yín bóyá kó fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì, ẹ ní rárá lákọ̀ọ́kọ́, àyàfi tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́ sí.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń pa sáfà lálẹ́ kì í rí. TrueNAS máa ń yẹ gbogbo ohun tó wà lára díìsì wò fúnra rẹ̀, ó ń pè é ní scrub, òru ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń fi í sí. Lákòókò yẹn, tiwa ti kú. Ẹ sún un sí ìrọ̀lẹ́ Àìkú ní agogo méje, kí ẹ sì jẹ́ kó parí lọ́jọ́ náà. Àṣẹ tó ń pa á ní mọ́kànlá alẹ́, Cron Jobs lẹ ti máa kọ ọ́, fún root (orúkọ ọ̀gá ètò náà): shutdown -h now. Ẹ má fi ọjọ́ Àìkú sínú ẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ ara yín pa á lọ́jọ́ náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pool yín kọ ONLINE, ààyè rẹ̀ sì wà ní bíi 3.6, kì í ṣe 7.2.

Ìpele 7: Àwọn èèyàn àti àpò wọn

Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ẹ ṣe dataset kan (àpò ńlá nínú pool) tí yóò jẹ́ ti gbogbo ilé, mo pe tèmi ní ebi, láì fi àmì sí i kó má baà da Windows láàmú, kí ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àgbà. Ẹ pín in nípasẹ̀ SMB, ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà. Lórí Windows, ẹ tẹ \\192.168.1.50\ebi, ó yẹ kó ṣí. Lórí fóònù, PhotoSync á máa kó fọ́tò wọlé fúnra rẹ̀ bí fóònù bá ti rí Wi-Fi ilé. Ẹ bá Màmá ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá ní láti tẹ nǹkan kan lójoojúmọ́, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́, ẹ̀bi ẹ̀yin tí ẹ tò ó ni.

Ẹ ṣètò snapshot, àwòrán bí fáìlì ṣe wà lákòókò kan, fún aago mẹ́wàá alẹ́ lójoojúmọ́, kó máa pa á mọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọmọ bá pa àpò kan rẹ́, ẹ ó rí i mú padà.

Ẹ má ṣí SMB sórí íntánẹ́ẹ̀tì láé. Ihò tó wà nínú SMB àtijọ́ ni WannaCry, ètò burúkú tó ń ti fáìlì pa kó tó gba owó, gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún 2017. Bí ẹ bá fẹ́ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìrìn àjò, ẹ lo Tailscale, ètò tó ń so ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù tí kò fún yín ní àdírẹ́sì ti ara yín.

Ìpele 8: Ẹ yọ wáyà iná

Ìpele yìí ni kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe. Ẹ so USB UPS mọ́ sáfà, ẹ tan UPS nínú Services, kí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ bí UPS bá ti bọ́ sórí bátìrì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má ní kó dúró dìgbà tí bátìrì bá fẹ́ tán, torí UPS olówó pọ́ọ́kú máa ń pe ara rẹ̀ ní àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kó tó ṣẹ́jú kan ó ti kú.

Ẹ wá máa kó fídíò ńlá kan wọlé. Bó bá dé àárín, ẹ fa wáyà UPS yọ lára ògiri. UPS á ké. Ẹ dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ ó gbọ́ tí díìsì rọra ń dákẹ́, fáànù tẹ̀ lé e, iná iwájú kú. Bí UPS bá kọ́kọ́ kú ṣáájú sáfà, ètò yín ò tíì pé.

Ìdánwò kejì: ẹ pa á, ẹ yọ wáyà Kẹ́hìndé, ẹ tan án. Pool á kọ DEGRADED, àmọ́ gbogbo fáìlì gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹ wo ìkìlọ̀ tó máa gbé jáde lójú browser, kí ẹ lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá jẹ́ òótọ́. Ẹ pa á, ẹ so Kẹ́hìndé padà, á bá èkejì rẹ̀ dọ́gba láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó padà sí ONLINE, fídíò tí ẹ kó ṣáájú sì ń ṣí.

Ìpele 9: Ẹ̀dà tó ń gbé níta

Ìbejì ò gba yín lọ́wọ́ olè, omi, àrá, tàbí ọwọ́ ara yín. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lára Táíwò, Kẹ́hìndé náà ti pa á rẹ́. 340 GB tí kò ṣeé rà, ẹ fi hard disk alágbèéká kó o lóṣooṣù, pẹ̀lú àṣẹ yìí lórí laptop Windows (E: ni hard disk alágbèéká náà):

robocopy \\192.168.1.50\ebi E:\ebi /E

Àwọn kan á ní kí ẹ fi /MIR dípò /E. Ẹ má ṣe é. /MIR máa ń pa ohun tí kò bá sí lórí sáfà rẹ́ lára ẹ̀dà pẹ̀lú, ìyẹn ni pé àṣìṣe inú ilé á tẹ̀ lé yín dé ìta.

Hard disk yẹn ò gbọ́dọ̀ sùn nílé. Tèmi ń gbé níbi iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ máa fi íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní London, mo ṣírò rẹ̀: bí ó bá ń jáde ní 10 Mbps, 340 GB á gba ọjọ́ mẹ́ta tọ̀sán-tòru ó lé díẹ̀, á sì jẹ 340 GB dátà. Nísinsìnyí, oṣù Kejìlá tó bá wálé ni mo ń fi ẹ̀dà kejì há inú báàgì rẹ̀, láàárín ẹ̀gúsí àti èlùbọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ so hard disk alágbèéká náà mọ́ kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín. Ẹ ṣí fáìlì mẹ́wàá tí ẹ kàn mú láìwojú: fọ́tò, fídíò, ìwé. Ẹ jẹ́ kí fídíò náà ṣeré dópin. Bí gbogbo wọn bá ṣí, ẹ fi màákà kọ ọjọ́ òní sára hard disk náà, kí ẹ tó dá a padà síbi iṣẹ́.